Lẹ́tà Kì í Ṣe Ọsàn

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú áljẹ́bírà ní ọdún kìíní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Wọn a ní x ni ọsàn, y ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nítorí náà 2x + 3x di ọsàn márùn-ún, ṣùgbọ́n 2x + 3y kò ṣe é dà pọ̀. Ọ̀nà náà yá, ọmọ a sì tètè gbà á. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Ìdí rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

Lẹ́tà inú áljẹ́bírà kì í ṣe orúkọ nǹkan. Iye ni ó dúró fún. Láìpẹ́, ọmọ kan náà yóò bá x × x pàdé. Kí ni ń jẹ́ ọsàn lọ́nà ọsàn? Bí ọsàn kan bá sì jẹ́ náírà x, 3x ni iye owó ọsàn mẹ́ta, kì í ṣe ọsàn mẹ́ta. Ẹni tí a ti kọ́ pé x ni ọsàn yóò máa ka owó sí èso.

Ohun tí ó dunni ni pé àpẹẹrẹ tí ó sàn jù kò jìnnà sí Yorùbá. Ní ayé owó ẹyọ, 40 ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. 50 okùn jẹ́ 2,000. Ọ̀nà 10 irú rẹ̀, 20,000, ni ó kún àpò kan, èyíinì ni ọ̀kẹ́. Yorùbá kò dúró lórí àpò: wọ́n fi orúkọ àpò pe iye inú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ 2 àti ọ̀kẹ́ 3 jẹ́ ọ̀kẹ́ 5, ìbáà ṣe pé ẹni tí ń ṣírò mọ iye inú ọ̀kẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, 100,000 ni yóò pè é. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé iye ọ̀kẹ́ kì í yí padà, ṣùgbọ́n ti x lè yí.

Àwọn tí ń gbè sẹ́yìn ọsàn a máa wí pé ọmọdé ń fẹ́ ohun tí ojú rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú rí páálí ìṣáná pẹ̀lú. Kí olùkọ́ gbé márùn-ún kalẹ̀ ní dídé, kí iye igi inú wọn dọ́gba, kí ó sì pe iye náà ní x. Al-Khwarizmi, tí ó kọ̀wé ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, tí orúkọ áljẹ́bírà sì ti ara ìwé rẹ̀ wá, kò lo lẹ́tà rárá. “Nǹkan” ni ó pe iye tí a ń wá.

Ọmọ tí ó bá kọsẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ a máa rò pé orí òun kò gba ìṣirò. Orí rẹ̀ kò ní àbùkù. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí fún un lódì.