Òkè Lẹ́yìn, Omi Níwájú
Ère ọ̀pọ̀lọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ní ó ń fa owó wọlé kọ́ ni feng shui, ìmọ̀ àwọn ará Ṣáínà nípa bí a ṣe ń yan ibi tí a óò kọ́ ilé tàbí ìlú sí. Kí ẹ lè rí ojúlówó rẹ̀, ẹ wo abúlé Hongcun ní Anhui, nílẹ̀ Ṣáínà, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2000. Òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dènà atẹ́gùn òtútù àríwá. Adágún wà níwájú, ní gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń ràn wọlé. Àwọn baba ńlá àwọn ará abúlé náà la ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu ọ̀nà àwọn ilé kọjá. Sùúrù ìmọ̀ yìí ló wù mí jù: onímọ̀ gidi á kọ́kọ́ rìn yí ilẹ̀ po, á wo ibi tí àgbàrá ń gbà, kó tó yọ kọ́ńpáàsì luopan jáde.