Ìmúra àti Ahọ́n: Bàbá Sàlá, Bàbá Sùwé àti Ìdájọ́ Wa

Bí àríyànjiyàn bá dé lórí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá láàrin Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (Bàbá Sàlá) àti Babátúndé Ọmídínà (Bàbá Sùwé), Bàbá Sàlá ni lámèyítọ́ sábà máa ń dé ládé. Ìdájọ́ náà yá jù lójú mi.

Ìmúra ni àwàdà Bàbá Sàlá ti ń bẹ̀rẹ̀. Awò ojú ràgàjì, táì gbàǹgbà, aago tó fi kọ́ ọrùn: kí ó tó la ẹnu, òǹwòran ti ń rẹ́rìn-ín. Orí ìtàgé ló ti kọ́ èyí, níbi tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ti gbọ́dọ̀ rí i.

Bàbá Sùwé náà ń kun ojú, àmọ́ ahọ́n ni irinṣẹ́ rẹ̀. Nínú fídíò, tí kámẹ́rà ti sún mọ́ ọn, yóò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnìkejì, yóò sọ ẹ̀bẹ̀ di èébú. Ẹ wo bí òun àti Ọmọ́ládùn, aya rẹ̀, ṣe máa ń tahùn síra wọn.

Ìlà méjì tó láti ṣàpèjúwe aṣọ. Ìtahùnsíra báyìí kò ṣe é gbé yẹ̀wò àfi bí a bá kọ́kọ́ dà á kọ, tàmìohùn-tàmìohùn. Ọ̀run Móoru (1982) ti rí ẹni kọ nípa rẹ̀. Bàbá Sùwé kú ní 2021. Àwọn fídíò rẹ̀ ṣì ń dúró de adàwékọ.