Ta Ló Ni Ijó Náà?

Bàbá mi fẹ́ràn tuwísì. Bí wọ́n bá ti gbé àwo rẹ̀ sí i níbi ìnáwó, agbádá ni wọ́n kọ́kọ́ ń bọ́ kalẹ̀. Wọn á ní, “Ẹ wá wo ijó òyìnbó!” Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà. Ìgbà tí mo ka ìtàn American Bandstand ni ojú mi tó là.

Ètò ijó àwọn ọ̀dọ́ ni, lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ìlú Philadelphia ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Dick Clark gbà á ní 1956, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 1957, ó ti kárí Amẹ́ríkà. Bí àwọn ọmọ bá ti jáde nílé ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Wọn á jó, wọn á gbọ́ àwo tuntun, wọn á sì fún un ní máàkì. Ká sọ tòótọ́, ètò náà dùn. Ọmọ tó wà nílé ń rí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ ijó, ó sì ń mọ aṣọ tó lòde.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ojú agbo. Olórin dúdú bíi Chuck Berry lè wọlé wá kọrin. Ọmọ dúdú tó fẹ́ jó ńkọ́? Ìta ni tirẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn kọ lẹ́tà béèrè tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀; bí orúkọ tàbí àdúgbò bá ti fi hàn pé dúdú ni, ó parí. Àwọn ọmọ dúdú kan tilẹ̀ fi orúkọ bíi ti ará Ítálì kọ̀wé kí wọ́n lè rí i gbà. Ẹ gbọ́ ná, kéèyàn fi orúkọ baba rẹ̀ pamọ́ torí ijó!

Ijó ọ̀hún gan-an, níbo ló ti wá? Ní Wilmington, tí kò jìnnà sí Philadelphia, Mitch Thomas, adúláwọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú ní 1955. Àwọn ọmọ funfun ń wò ó nílé, wọ́n ń kọ́ ijó níbẹ̀, wọn á sì lọ jó o ní Bandstand. Ní 1958, ètò Thomas kógbá sílé. Tuwísì ńkọ́? Hank Ballard, adúláwọ̀, ló kọ́kọ́ kọ orin náà. Chubby Checker, adúláwọ̀ bákan náà, ló tún un kọ, tó sì fi gbòde ní 1960 lẹ́yìn tó jó o lórí ètò Dick Clark.

Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tó yá, Clark ń sọ pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún ọmọ dúdú bí òun ti gba ètò náà. Matthew Delmont, onímọ̀ ìtàn, tú ìwé àtijọ́ wò, ó bi àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn, ó sì kọ ìwé jáde ní 2012. Ohun tó rí ni pé wọn ò yéé dínà mọ́ wọn títí ètò náà fi kó lọ sí Los Angeles ní 1964. Bóyá Clark gbàgbé ni. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ní 1970, Don Cornelius dá agbo tirẹ̀ sílẹ̀ ní Chicago, ó pè é ní Soul Train. Bandstand parí ní 1989; Soul Train ṣe é dé 2006.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá rí fíìmù Bandstand àtijọ́, ẹ wò ó, ẹ gbádùn ẹ̀ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn tó nijó, tí wọ́n wà níta.