Can, May àti Must lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nàgó: Àyẹ̀wò Ìdánrawò inú Ìwé Gírámà Raymond Murphy

Ìwé English Grammar in Use, tí Raymond Murphy kọ, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1985, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí ó tàn kálẹ̀ jù lọ láyé. Ẹ̀dà rẹ̀ karùn-ún jáde ní ọdún 2019. Ètò rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: àlàyé wà ní ojú ewé apá òsì, ìdánrawò wà ní apá ọ̀tún, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn ìwé. Kò sí èdè mìíràn nínú rẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé gbogbo ayé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tí ó kan àyẹ̀wò yìí ni àwọn ẹ̀kọ́ tí ó dá lórí can, could, may, must, have to àti need, àwọn ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ agbára, ìyọ̀ǹda àti ọ̀ranyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn Nàgó gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ a máa sọ èdè abínibí rẹ̀ nílé, a máa fi Faransé kọ́ ìwé, Gẹ̀ẹ́sì a sì bá a ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà wà nítòsí, àwọn oníṣòwò sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ni ó wà lára pátákó ìkìlọ̀, lára ìwé tí ó wà nínú páálí oògùn, àti lára fọ́ọ̀mù. Àwọn ni wọ́n ń sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe, ohun tí wọ́n gbà á láyè láti ṣe, àti ohun tí ó di dandan fún un. Ẹni tí ó bá ṣì wọ́n mú lè san owó tí kò jẹ, ó sì lè lo oògùn tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ lò.

Ó tọ́ kí ìyìn ṣáájú. Murphy kò da àwọn ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ra lójú kan. Ìtumọ̀ ni ó fi pín wọn. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe láàrin could àti was able to wúlò púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀-ìṣe èdè rẹ̀ kì í yí padà nítorí àkókò tí ó ti kọjá. Bí ẹnì kan bá mọ odò wẹ̀ láti kékeré, could ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dojú dé lọ́jọ́ kan, tí ẹni náà sì wẹ̀ dé èbúté, was able to ni ó yẹ. Èdè Nàgó kò ṣàì mọ ìyàtọ̀ yìí: "ó mọ odò wẹ̀" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "ó rọ́nà wẹ̀ dé èbúté". Olùkọ́ tí ó bá fi gbólóhùn méjèèjì yìí ṣáájú yóò rí i pé àlàyé inú ìwé náà yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíákíá.

Ibi tí ìwé náà kù sí bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyíinì ni "lè". F. R. Palmer, nínú ìwé rẹ̀ Modality and the English Modals tí ó jáde ní ọdún 1979, fi hàn pé ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ wọ̀nyí pín sí: ohun tí olùsọ̀rọ̀ rò pé ó rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó jẹ mọ́ àṣẹ àti ìyọ̀ǹda, àti ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ń ṣe é. "Lè" ru ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lè gbé àpò náà. O lè wọlé. Òjò lè rọ̀ lálẹ́. Bí ìyísódì bá dé ni ìyàtọ̀ yóò hàn, nítorí pé ipò tí ọ̀rọ̀ ìyísódì wà ni ó ń pinnu ìtumọ̀. "Àlàbí kò lè wá" ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. "Àlàbí lè má wá" ṣí i sílẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ewu wà. May not ní Gẹ̀ẹ́sì ní ojú méjì. Nínú "Alabi may not come tonight", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Àlàbí lè má wá. Lára pátákó tí wọ́n kọ "Visitors may not enter" sí, òfin ni: àlejò kò gbọ́dọ̀ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti há a sórí pé may ni "lè", not sì ni "má", yóò ka pátákó náà sí pé àlejò lè má wọlé bí kò bá wù ú. Ìkìlọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú. Nínú ìwé Murphy, may ti ìyọ̀ǹda wà ní ẹ̀kọ́ kan, may ti ohun tí ó ṣeé ṣe wà ní òmíràn. Ìpínyà yìí mú kí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan rọrùn, ṣùgbọ́n ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Nàgó nílò jù ni pé kí wọ́n gbé méjèèjì kojú ara wọn lójú ewé kan náà.

Ọ̀ràn must fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìdàkejì. Must not bá "kò gbọ́dọ̀" mu láìku síbì kan, èyí sì jẹ́ oore fún Nàgó, nítorí pé àwọn ará Jámánì kò rí irú rẹ̀: ní èdè tiwọn, muss nicht kò ju "kò pọn dandan" lọ. Have to ni pàkúté wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ìyísódì, òun àti must súnmọ́ ara wọn. Bí ìyísódì bá wọ̀ ọ́, wọ́n pínyà pátápátá. You must not pay: ẹ kò gbọ́dọ̀ sanwó. You don't have to pay: kò pọn dandan kí ẹ sanwó. Bí olùkọ́ bá gba ọ̀nà Faransé kọjá, ọ̀rọ̀ náà lè tún dojú rú, nítorí pé vous n'avez pas à náà ní ojú méjì: ó lè sọ pé kò pọn dandan, ó sì lè jẹ́ ìbáwí fún ẹni tí ó ń ṣe ohun tí kò tọ́ sí i. Ẹni tí ó bá sì tú u lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí "kò ní láti", etí Nàgó lè kọ́kọ́ gbọ́ "kò ní" ti ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́la. "Kò pọn dandan" ni kò ní ẹ̀tàn nínú, òun ni ó sì yẹ kí wọ́n fi kọ́ni.

Àléébù kejì wà nínú ìdánrawò alálàfo fúnra rẹ̀. Ìyọ̀ǹda àti ọ̀ranyàn kì í dá wà. Ẹnì kan ní í fi fún ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi must tàbí have to dí àlàfo, tí wọn kò sì sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìrísí ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n dán wò. Nínú ẹ̀kọ́ tí ó jẹ mọ́ ẹ̀bẹ̀ àti ìtọrọ ààyè, Murphy sọ ipò tí olùsọ̀rọ̀ wà kí ó tó béèrè ohun tí yóò sọ. Ojú ewé náà wà lára èyí tí ó dára jù nínú ìwé rẹ̀. Nàgó ní "ẹ" láti fi bọ̀wọ̀ fún àgbà. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní i, nítorí náà ó fi can I, could I àti may I ṣe lára iṣẹ́ náà. Bí ọmọdé bá sọ fún àgbà pé "Ẹ gbọ́dọ̀ dúró", "ẹ" tí ó wà níwájú kò wẹ àfojúdi ibẹ̀ nù, pàápàá nígbà tí "gbọ́dọ̀" kan náà ni ó wà nínú "Ta ni ó gbọ́dọ̀ kò ó lójú?" Bẹ́ẹ̀ náà ni you must wait rí létí oníbàárà. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń yẹra fún un: ìwádìí Geoffrey Leech àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó fi ohun tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1961 wé ti ọdún 1991, fi hàn pé must ti dín kù, tí need to sì ti pọ̀ sí i.

Ní ti can, ìtàn ọ̀rọ̀ náà lè ran olùkọ́ lọ́wọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, cunnan ni, "mọ̀" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ àgbà ní mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà ti ní kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ nínú orúkọ iṣẹ́ wọn. "Ó mọ̀wé kà" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní he can read, Faransé sì ń pè é ní il sait lire. "Ó lè kàwé" lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ríran, tàbí pé àyè wà fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti inú "mọ̀" wọ inú can kò ní máa wá "lè" kiri níbi tí kò sí.

Kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n pa ìwé Murphy tì. Ìwé tí ó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ kò lè bá Kétu sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Iṣẹ́ àwọn tí ó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ nìyẹn. Kí ìdánrawò tí wọn yóò fi kún un bẹ̀rẹ̀ láti inú gbólóhùn Nàgó, kí ó tó kan ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n fi kò lè, lè má, kò gbọ́dọ̀ àti kò pọn dandan sí ojú kan náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá èyí tí ó bá cannot, may not, must not àti need not mu. Kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní olùsọ̀rọ̀ àti olùgbọ́. Lẹ́yìn náà, kí pátákó ìkìlọ̀ àti ìwé inú páálí oògùn rọ́pò gbólóhùn alálàfo, kí ìbéèrè sì jẹ́ ẹyọ kan: kí ni ẹni tí ó ka èyí yóò ṣe, kí ni yóò fi sílẹ̀? Ìdáhùn sí i kò ní sí lẹ́yìn ìwé kankan, ṣùgbọ́n olùkọ́ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀kọ́ náà bá ti wọlé.