Ẹ̀rọ Oníná Nínú Ara Ọkọ̀ Elépo

Bí àwọn tí kò mọ̀ bá tilẹ̀ ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré ọmọdé, ẹni tí ó bá ti dúró létí pápá ìje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tí ó rí buggy elépo, afò-gegele-má-ṣubú, abu-eruku-fún-ẹni-ẹ̀yìn, bí ó ti ń fi rédíò gba àṣẹ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ lórí pèpéle, yóò gbà pé iṣẹ́ àgbà ni. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju 3.5 cc lọ, síbẹ̀ a máa yí ju ìgbà 30,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Methanol àti nitromethane tí a fi òróró pò ni ó ń mu. Bí òtútù bá sì mú, yóò ní òun kò jí.

Èmi kò kórìíra rẹ̀, òórùn èéfín rẹ̀ pàápàá ṣì ń wù mí. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ bí Inferno MP7.5, ọmọ bíbí ilé-iṣẹ́ Kyosho ti ilẹ̀ Japan, egungun rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ṣáàsì alumíníọ̀mù tí kì í tètè tẹ̀, differential mẹ́ta, àti ẹsẹ̀ mẹ́rin tí gbogbo wọn ń fa ẹrù. Ìdí nìyí tí mo fi ń yọ inú rẹ̀ dànù, tí mo ń fi ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀, tí mo sì ń dá ara rẹ̀ sí. (Àwọn Tekno RC ti Amẹ́ríkà, ohun èlò irú ìyípadà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà kí wọ́n tó ṣe buggy tiwọn, EB48.)

Títú rẹ̀ kò le: ẹ́ńjìnì, táńkì, sàléńsà àti kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn a jáde. Bátìrì LiPo oníyàrá mẹ́rin, 14.8 V, tí ó tó ìdajì kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Mọ́tò oníná tí à ń pè ní brushless a bọ́ sí ọ̀tún.

Ibi tí a ti ń mọ oníṣẹ́ ni ìgbà tí eyín pinion, gíà kékeré tó wà lórí brushless, bá fẹ́ pàdé eyín gíà ńlá. Mo máa ń ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́, n ó fi sáàárín eyín méjèèjì, n ó ti brushless náà títí yóò fi fún bébà mọ́ra, n ó dè é, n ó wá yọ bébà náà, tí yóò ti kán wẹ́wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn alángbá. Lẹ́yìn èyí ni n ó fi ìka mi gíà náà wò díẹ̀díẹ̀ yíká, nítorí kò sí gíà tí ó rí roboto délẹ̀délẹ̀: ibi tí ó bá ti le jù ni a ó fi ṣe òdiwọ̀n.

Brushless tí a kọ 2000 KV sí lára yóò yí nǹkan bí ìgbà 29,600 ní ìṣẹ́jú kan lórí bátìrì yìí bí ohunkóhun kò bá dì í lọ́wọ́, èyí tí kò jìnnà sí ti elépo. Bí agbára ṣe ń dé ni ó yàtọ̀. Ẹ́ńjìnì a kọ́kọ́ gbéra, kílọ́ọ̀ṣì a yọ̀ díẹ̀ kí ó tó gbá a mú. Ṣùgbọ́n oníná a dé lẹ́ẹ̀kan náà, láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà sì ti sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Nítorí náà, mo máa ń fi òróró silicone tí ó ki sínú differential àárín, òdiwọ̀n kíki 10,000 dípò 5,000, kí agbára má baà sá lọ síbi ẹsẹ̀ iwájú tí ó ti fúyẹ́, kí táyà ibẹ̀ má sì wú bí a bá fún ọkọ̀ náà níná. N ó sì tún dín ipá tí ESC, ẹ̀rọ tí ń darí iná sí brushless, fi ń gbéra kù. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ra agbára tí mo tún ń dè é mọ́lẹ̀. Ìje ni yóò dá wọn lóhùn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣàárò rẹ̀ ni bíréèkì. Nínú elépo, dísìkì iwájú àti ti ẹ̀yìn ní síkúrù tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a fi lè ní kí ti ẹ̀yìn mú ju ti iwájú lọ. Nínú oníná, brushless fúnra rẹ̀ ni ó ń fà á dúró láti àárín, ọ̀rọ̀ náà sì di ti òróró differential lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí a bá ti gbé ọkọ̀ náà kúrò ní pápá lẹ́yìn ìje, mo máa ń wọn ooru brushless náà. Bí ó bá ti kọjá 80°C, pinion tí ó fi eyín kan dín ni n ó fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.