Ta Ni Ó Ni Orin? Ipò Onílù àti Oníjìtá Ẹ̀yìn nínú Lámèyítọ́ Orin Àwo

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó mọ èdè àyàn bí ẹni tí ó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Òwe yìí fi hàn pé ẹni tí ó ń lu ìlù ni ó ni ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ. Bí a bá wo púpọ̀ nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ tí ó wà lórí orin àwo, ohun tí a ń bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Orúkọ olórí ẹgbẹ́ nìkan ni ó máa ń wà nínú àkọlé iṣẹ́; ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìkan ni a máa ń dà kọ tí a sì ń tú palẹ̀. Ìlù, jìtá àti fèrè a di ohun tí a fi ìlà kan péré mẹ́nu bà, bí ẹni pé wọ́n ń dá dún fúnra wọn.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé irú lámèyítọ́ bẹ́ẹ̀ kò kún tó. Nínú orin àwo, pàápàá jùlọ orin jùjú, onílù wà lára àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ orin. Àìdárúkọ rẹ̀ kọjá àìmoore lásán: ó ń ba iṣẹ́ ìmọ̀ jẹ́, ó sì ń sọ èrè òṣìṣẹ́ nù.

Gángan gẹ́gẹ́ bí olùsọ̀rọ̀ nínú jùjú

Nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, kò sí gángan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1940 ni gángan àti jìtá oníná bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú orin náà. Láti ìgbà náà ni ohùn méjì ti ń sọ̀rọ̀ nínú jùjú: ohùn ẹnu àti ohùn awọ.

Ìlù kò ní kóńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ bí i Akin Euba (1990) ti ṣàlàyé lórí ìlù dùndún. Nítorí náà, onílù ní láti yan gbólóhùn tí etí àwùjọ ti mọ̀: oríkì, òwe, tàbí àkànlò èdè. Yíyàn yìí gan-an ni iṣẹ́ akéwì. Bí olórin bá dárúkọ ẹnìkan ní òde àríyá, onígángan lè fi oríkì orílẹ̀ ẹni náà kún un kí olórin tó mí. Ó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin kí ó fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀. Ó sì lè bá oníjó wí tàbí kí ó yìn ín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Àwítúnwí, gbólóhùn ajọra àti ìfohùn-dárà, tí Ọlátúndé Ọlátúnjí (1984) ṣe àlàyé wọn gẹ́gẹ́ bí àbùdá ewì alohùn, ni a ń bá nínú ohun tí onígángan ń lù. Bí a bá fi òṣùwọ̀n lítíréṣọ̀ alohùn wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì ní ẹni tí ó ni í. Síbẹ̀, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá da orin kọ láti inú àwo, ohun tí ó máa ń kọ sí ojú ibi tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ ni “ìlù ń dún”. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ó pa odidi ewì kan rẹ́.

Àpẹẹrẹ Tony Allen

Ẹnìkan lè sọ pé gángan nìkan ni èyí bá wí, nítorí pé ìlù òyìnbó, jìtá àti fèrè kì í pa òwe. Àpẹẹrẹ Tony Ọládìpọ̀ Allen fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkó ni wọ́n ti bí Allen ní 1940. Ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù òyìnbó. Ní 1964, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì dán an wò, ó sì gbà á. Wọ́n jọ wà nínú Koola Lobitos, wọ́n jọ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, wọ́n sì jọ dá Africa 70 sílẹ̀, títí Allen fi kúrò ní 1979.

Fẹlá fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ẹnu kọ ohun tí púpọ̀ nínú àwọn oníjìtá àti onífèrè rẹ̀ yóò ṣe. Ti Allen yàtọ̀, òun ni ó ń gbé ìlù tirẹ̀ kalẹ̀. Ìlù yìí kọjá ohun tí a fi ń ka ìgbésẹ̀ lásán. Nínú Zombie, àwọn ohun èlò nìkan ni a ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ohùn Fẹlá tó wọlé, ìlù Allen ni ó sì gbé wọn dúró. Lámèyítọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ àtúpalẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ ti fo apá ńlá kan nínú iṣẹ́ náà. Nínú ìwé ìgbésí ayé Allen tí òun àti Michael Veal kọ (2013), ó sọ̀rọ̀ lórí bí ó ṣe ṣẹ̀dá ìlù yìí, ó sì fi ẹ̀dùn ọkàn sọ̀rọ̀ lórí owó àti ẹ̀tọ́ orí àwo. Ìlú Paris ni ó kú sí ní 2020.

Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí lámèyítọ́ lò nìyí: ta ni ó ṣẹ̀dá ohun tí a ń gbọ́? Ẹni tí ó lu ohun tí a kọ́ ọ kó ipa pàtàkì, orúkọ rẹ̀ sì yẹ ní kíkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀dá ohun tí ó lù ti di alábàápín nínú níni orin.

Òde àríyá, ilé ìgbohùnsílẹ̀ àti owó iṣẹ́

Ìgbésí ayé iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ jùjú kò rọrùn. Òru mọ́jú ni iṣẹ́ òde àríyá. Owó tí àwọn ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí ń wọ inú àpótí, ọ̀gá ni ó sì ń pín in bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀gá náà ni ó ni jìtá, ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá bínú kúrò, ọwọ́ òfo ni ó ń mú lọ. Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni a sábà máa ń sanwó fún un. Bí àwo bá tà fún ogún ọdún, èrè náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, àwọn onílù àti oníjìtá tí a mọ̀ sí Funk Brothers ni ó lu ìlù sí ọ̀pọ̀ àwo tí ó sọ ilé iṣẹ́ Motown, tí Berry Gordy dá sílẹ̀ ní 1959, di olókìkí. A kì í kọ orúkọ wọn sí ara àwo. What's Going On ti Marvin Gaye, tí ó jáde ní 1971, ni àwo ńlá Motown tí ó kọ́kọ́ dárúkọ wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ náà kó lọ sí Los Angeles, ó sì fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. James Jamerson, tí ó ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀, kú ní 1983. Ọdún 2000 ni a tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú Rock and Roll Hall of Fame, ọdún 17 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ìhà kejì ọ̀rọ̀

Ìdájọ́ òdodo ń fẹ́ kí a gbọ́ ti olórí ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Òun ni gbèsè ń bá bí òde kò bá sí. Òun ni ó ń wá ọkọ̀, tí ó ń bá oníléeṣẹ́ àwo jà, tí orúkọ rẹ̀ sì ń fa èrò. Jealousy (1975) àti Progress (1977), tí ó jáde ní orúkọ Tony Allen, wáyé pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Fẹlá àti ẹgbẹ́ Africa 70. Lékan Animáṣahun, onífèrè ńlá, bá Fẹlá ṣiṣẹ́ láti àwọn ọdún 1960 títí Fẹlá fi kú ní 1997; ẹni tí kò rí nǹkan kan jẹ níbi iṣẹ́ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí kò sọ pé kí a gba orin lọ́wọ́ olórí. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí a má ṣe fún un ní ohun tí ẹlòmíràn ṣe.

Àǹfààní tí dídárúkọ ń ṣe fún ìmọ̀ hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ Demọ́lá Adépọ̀jù. Òun ni ó ń ta jìtá tí a ń tẹ́ lélẹ̀, tí a ń fi irin fà ní ohùn, nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé ní ìgbà tí Juju Music jáde ní 1982. Nítorí pé a kọ orúkọ rẹ̀ sí ara àwo Graceland ti Paul Simon (1986), a lè tọ ipasẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ láti inú jùjú lọ sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ onígángan kò ní irú ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀. A lè fi ìjálá ọdẹ kan wé ti òmíràn nítorí pé a mọ ẹni tí ó sun ún. A kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún onílù tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Òfin ti ń ṣíwájú lámèyítọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àdéhùn àgbáyé ti 1996 lórí ẹ̀tọ́ òṣèré, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2017, fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ pé kí a dárúkọ òun lórí iṣẹ́ òun. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tuntun tí a buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní 2023 náà dá ẹ̀tọ́ òṣèré mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wúlò fún ẹni tí kò sí àkọsílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá gbé orin àwo wọ kíláàsì, kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ da ọ̀rọ̀ gángan kọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ó bá ṣòro fún wọn láti gbọ́, kí wọ́n gbé àwo náà tọ àwọn àyàn ìlú wọn lọ. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó lù ú lọ́wọ́ àwọn àgbà olórin tí ó ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì kọ orúkọ náà sílẹ̀. Àwọn tí ó mọ àwọn orúkọ wọ̀nyí ń darúgbó. Bí wọ́n bá lọ láìsọ ọ́, “ìlù ń dún” nìkan ni yóò kù fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn láti kà.