Orúkọ Èkó Wà Níbẹ̀, Èkó Kò Sí Níbẹ̀

Ní ọlidé gígùn, mo ka Children of Blood and Bone ti ọdún 2018. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Àwòrán òrìṣà wa tó rí nígbà ìrìn-àjò rẹ̀ sí Salvador, ní Brazil, ló ta á jí. Èyí kò ya ọmọ Ìta Fájì lẹ́nu: Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tó ti Brazil padà wálé tẹ̀dó sí, kò jìnnà sí wa.

Ó wù mí pé èdè Yorùbá ni Zélie fi ń pe ọfọ̀. Ìfẹ́ òun àti Inan, ọmọ ọba tó kọ́kọ́ ń lépa rẹ̀ láti pa á, kò jẹ́ kí n lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

Àmọ́ orí omi ni Ìlọrin inú ìwé náà wà. Mo wá Ìga Ìdúngànràn àti Ẹ̀yọ̀ nínú Èkó rẹ̀, n kò rí wọn. Àrosọ lè yí ìlú padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ òkè òkun kò ní ka ìwé Èkó mìíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ jẹ́ ká kà á, kí ẹ sì ní ká kọ èyí tí Èkó gidi wà nínú rẹ̀.